Ìràwọ̀ tó bú gbàmù ní 2005 tún tàn ní 2019, ṣé iná kan náà ni?

Tisa_Ilesa
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ kú òjò náà. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ ládùúgbò wa n'Iléṣà níbí, òjò ọ̀sán sì ti fọ ojú ọ̀run mọ́ tónítóní, mo bá gbé àga jáde mo kọjú sí gúúsù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo ti ń rò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tún ti sọ sí mi lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìràwọ̀ kan wà tó ń jẹ́ V1047 Cen. Cen yẹn, Centaurus ni, apá gúúsù ojú ọ̀run. Ní 2005 ó bú gbàmù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní nova, ó tàn fúngbà díẹ̀, ó wá ń rẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó parí. Ọdún 14 kọjá. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2019, ìràwọ̀ tí gbogbo èèyàn ti kà sí pé ó ti sinmi yìí tún bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó sì tàn débi pé ó fi nǹkan bí ìlọ́po 250 mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Ẹni tó bá rí i á ní nova ló tún ṣe, èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Geballe, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi infrared wò ó, wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ palẹ̀, wọ́n ní ó jọ pé kì í ṣe irú iná ti 2005 rárá. Ohun tó mú mi nìyẹn. Iná méjì lè mọ́lẹ̀ kó má jẹ́ ohun kan náà ló ń jó nínú wọn, béèyàn bá wá fi mímọ́lẹ̀ nìkan dájọ́, ó máa ṣì í. Kí lẹ rí sí i?

Molade_Lagere
Ẹ káalẹ́ sà. Ifẹ̀ ni mo wà, iṣẹ́ ìṣírò owó ni mò ń kọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa ìràwọ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀. Kí ló ń bú nínú nova tí ìràwọ̀ yẹn ò fi parẹ́, tó tún wá lè tàn lẹ́yìn ọdún 14? Ẹlẹ́ẹ̀kejì, infrared yìí, ṣé ohun tó wà nínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n náà ni àbí òmíràn ni?

Tisa_Ilesa
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn àbúrò mi. Nova kì í ṣe ìràwọ̀ kan, méjì ni. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni, àgùàlà ò sì bá oṣù tan. Àwọn méjì tí mò ń wí yìí tan ní tiwọn, wọ́n ń yí ara wọn po ni, wọn ò lè fi ara wọn sílẹ̀. Ọ̀kan ti jó tán, inú ẹ̀ nìkan ló kù, ó kéré tó ilé ayé wa yìí ṣùgbọ́n ìwúwo ẹ̀ ń lọ sí ti oòrùn, funfun ni, ó gbóná gan-an, ó sì ń fa nǹkan mọ́ra. Èkejì ṣì ní hydrogen lára, funfun yẹn wá ń fa hydrogen ọ̀hún kúrò lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í já lù ú tààrà o, ó máa kọ́kọ́ yí i ká bí omi ṣe máa ń yí kó tó wọ ihò, ó di pẹrẹsẹ bí àwo, àwo yẹn ni wọ́n ń pè ní disk. Inú disk ló ti ń rọ̀ sórí funfun. Tó bá ti wá pọ̀ jù níbẹ̀, ìwúwo tẹ̀ ẹ́, ó gbóná débi tí hydrogen yẹn á fi gbiná bíi bọ́ǹbù, á ju èèpo ẹ̀yìn yẹn dà nù sí òfuurufú. Ìràwọ̀ ò kú, èèpo ló jó. Kò sóhun tó ní kó má tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó òmíràn jọ.

Ti infrared, bẹ́ẹ̀ ni, ti rìmóòtù náà ni. Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Weda_Ereja
Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nípa ẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Béèyàn bá ń fi iná gé irin, irin yẹn á kọ́kọ́ pọ́n bí ojú ọ̀sán, á tún pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á wá dúdú. Ìgbà tó bá dúdú yẹn gan-an ló ń ba ọmọ iṣẹ́ jẹ́, torí ojú á ní ó ti tutù, ọmọ á na ọwọ́ sí i. Èmi kì í na ọwọ́ sí irin dúdú, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo máa ń gbé sún mọ́ ọn láìfọwọ́ kàn án, ara á sọ fún mi pé ó ṣì ń jó. Ohun tó ń jáde lára irin yẹn tí ojú ò rí ṣùgbọ́n tí awọ ara mọ̀, ṣé infrared nìyẹn?

Tisa_Ilesa
Òun gan-an nìyẹn, ẹ sì sọ ọ́ ju bí ìwé ṣe sọ ọ́ lọ. Ní 1800 William Herschel ṣe ohun tó jọ ti ẹ̀yìn ọwọ́ yín yẹn. Ó fi gíláàsì pín ìtànṣán oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó ń fi tẹmómítà wọn ìgbóná àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó wá gbé e kọjá pupa, síbi tójú ò ti rí nǹkan kan, ni tẹmómítà bá tún gòkè sí i. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ojú wa ni ò dé ibẹ̀.

Molade, mú rìmóòtù, kọ orí ẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù ẹ, kí o tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà iwájú ni kó o kọ́kọ́ lò.

Molade_Lagere
Ẹ̀gbọ́n!! Mo ti ṣe é. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan, àfi bí mo ṣe yí i sí ti iwájú, gúlóòbù kékeré orí rìmóòtù yẹn ń ṣẹ́jú, ó dà bí àwọ̀ àlùkò tó fẹ́ funfun, ojú tèmi sì ń wò ó tààrà kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo rúùmù wa ló ti gba rìmóòtù yẹn lọ́wọ́ mi. Ọdún mélòó ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ tí mi ò mọ̀ pé ó ń tan iná.

Ẹ wá sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ tá á fi mọ ohun tó ń jó?

Tisa_Ilesa
Ilà ni. Ẹ rántí ayé àwọn bàbá wa, bí àlejò bá wọlé, ẹ ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹ wo ojú ẹ̀, tó bá jẹ́ pélé, tó bá jẹ́ àbàjà, tó bá jẹ́ gọ̀mbọ́, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Gáàsì náà kọlà. Tí wọ́n bá na ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bí òṣùmàrè, àwọn ilà máa hàn lára ẹ̀, hydrogen ní tiẹ̀, helium ní tiẹ̀, kò sí gáàsì tó ń ya ilà ẹlòmíì lò. Nínú infrared, ọ̀kan nínú ilà hydrogen wà ní 1.28 micron, òmíràn wà ní 2.17, micron kan sì ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ibi tí ilà wà ń sọ ẹni tó ni ín, bó ṣe fẹ̀ tó ń sọ bí gáàsì yẹn ṣe ń sáré tó.

Ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ infrared fún irú ìràwọ̀ báyìí, Centaurus wà lójú ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí jù, èéfín àti eruku òfuurufú kún àárín àwa àti ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí ń sọnù sínú ẹ̀, infrared sì ń rọ́nà kọjá, bíi kámẹ́rà táwọn panápaná fi ń wo inú ilé tó kún fún èéfín. Ọ̀tá infrared ni omi inú afẹ́fẹ́, ní nǹkan bí 1.4 àti 1.9 micron afẹ́fẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn pa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé tẹlisíkóòpù wọ̀nyẹn lọ sórí òkè gíga tó gbẹ, bíi Mauna Kea ní Hawaii tó ga ju 4,200 mítà lọ. Irú òjò ọ̀sán òní n'Iléṣà, kò lè bá infrared ṣe.

Omo_Obokun
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ̀rọ̀ kan síta. Ìràwọ̀ tó ń tún nova ṣe kì í ṣe tuntun. RS Ophiuchi ti ṣe é ní 1898, ó ṣe é ní 1933, 1958, 1967, 1985, 2006, ó tún ṣe é ní 2021. T Coronae Borealis ṣe é ní 1866 àti 1946, àwọn èèyàn sì ti ń ṣọ́ ọ káàkiri ayé pé ó tún máa ṣe é. Kí ló wá dé tí V1047 Cen tiyín ò fi lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn? Ọdún 14 ò kéré jù, RS Ophiuchi ti lo ọdún 9 rí.

Tisa_Ilesa
Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ. Àwọn tó o dárúkọ yẹn, funfun wọn sanra, ìràwọ̀ pupa ńlá tó ń fún wọn lóúnjẹ ń fún wọn lọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí èèpo fi ń tètè kún tó fi ń bú léraléra. Hydrogen orí funfun ló ń gbiná nínú wọn nígbà gbogbo, iná kan náà ni. Ìyẹn ò jọ ohun tí Geballe rí. Wọ́n ní títàn yìí ò tó nova, infrared ẹ̀ sì jọ ti disk tó gbóná lójijì. Irú ìyẹn wà, dwarf nova lorúkọ ẹ̀, kò sí bọ́ǹbù níbẹ̀ rárá.

Ẹ wo gọ́tà tó wà níwájú ilé, omi ń ṣàn wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìdọ̀tí dí i, omi ń ga sókè lẹ́yìn ìdọ̀tí, kò sẹ́ni tó rí i, ọjọ́ tó bá ga tó ló máa já gbà, gbogbo ẹ̀ á ya lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Disk náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Hydrogen ń kó jọ sínú ẹ̀, tó bá tutù kì í fẹ́ ṣàn, tó bá pọ̀ tó ó gbóná, gbígbóná yẹn á mú kó máa ṣàn sórí funfun pẹ̀lú ipá, disk á tàn yòò. Lẹ́yìn náà á tún tutù, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dí.

Iya_Ibeji_Moore
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bí mo ṣe ń dín àkàrà. Mo fẹ́ sọ méjì.

Ọ̀kan, ohun tí Tíṣà sọ níbẹ̀rẹ̀ pé mímọ́lẹ̀ nìkan ò tó, òótọ́ ni. Bí èédú mi bá ń jó jẹ́ẹ́ tí mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, iná á dìde. Bí epo inú agbada bá ta sí i, iná á dìde. Ẹni tó dúró lójú títì á ní iná ń jó lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, ojú kan náà ló máa fi wo méjèèjì. Èmi tí mo wà nídìí ẹ̀ mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Iná èédú pupa, kò ní ahọ́n gígùn, iná epo yọ ahọ́n, ó ń ta pàràpàrà, èéfín ẹ̀ sì dúdú. Àwọ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ bóyá omi ni kí n wá àbí kí n máa dín àkàrà mi lọ.

Èkejì, ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn ò tíì yé mi. Tíṣà, ẹ ní disk á dí nígbà tí omi bá ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ sì ní ọdún 14 péré lẹ́yìn bíbú. Nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú lánàá, ṣé gbogbo ẹ̀ ò ṣì gbóná ni? Tí funfun yẹn bá gbóná, ṣé kò ní máa yan ìràwọ̀ kejì lára, kí hydrogen ara ẹ̀ máa yọ́ wá sí i púpọ̀ sí i? Gọ́tà tí omi ń pọ̀ nínú ẹ̀ tó sì ń sáré, ìdọ̀tí wo ló máa dúró?

Tisa_Ilesa
Mà, mo dìde fún yín. Ibi tí ẹ tẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà wà, àwọn tó kọ ọ́ náà sọ pé ó ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n ní lẹ́yìn nova, funfun tó ṣì gbóná á máa yan èkejì lára bí ẹ ṣe wí, ohun tó ń ṣàn wọlé á máa tó ìdá kan nínú 100 mílíọ̀nù ìwúwo oòrùn lọ́dọọdún, fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Gọ́tà ò lè dí nírú ìyẹn. Kó tó dí, ṣíṣàn yẹn ní láti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú 10 bílíọ̀nù, ìyẹn ni pé ọgọ́rùn-ún ìlọ́po ló fi máa dín. Ìràwọ̀ tí wọ́n ti rí tó ṣe nova tó wá di ẹni tó ń ṣe dwarf nova, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń gbà á. GK Persei bú ní 1901, ó sì tó ogójì ọdún ó lé kó tó di pé ó ń ṣe kékeré léraléra. Tọdún 14 yìí ló kúrú jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ nígbà yẹn.

PG_Ife
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin àgbà, Mà mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ fi kún un torí ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn, Aydi ló ṣíwájú wọn, tún gbé ìràwọ̀ kan náà yẹ̀ wò, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2022, wọn ò wo infrared nìkan, wọ́n wo èyí tójú ń rí, wọ́n wo ti rédíò. Ohun tí wọ́n rí ò jẹ́ kí gọ́tà yìí dúró dáadáa.

Àkọ́kọ́, títàn yẹn lé ní 400 ọjọ́. Dwarf nova tó wọ́pọ̀, ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn ilà yẹn, nínú ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí, fi hàn pé gáàsì kan ń sáré ju 2,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, rédíò ẹ̀ lágbára, ó sì pẹ́. Wọ́n wo ohun tó ń tú jáde lápapọ̀, wọ́n ní kò tó nova, ó sì ju dwarf nova lọ. Ó fi díẹ̀ jọ ti àwọn tí alábàárìn wọn jẹ́ ìràwọ̀ pupa ńlá, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n ti yà kó tó di 2005 fi hàn pé ìràwọ̀ kékeré ni alábàárìn ẹ̀.

Àbá wọn ni pé ó ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ láti inú disk, bóyá dídí àti jíjá bíi ti gọ́tà ni o, bóyá alábàárìn ló tú hydrogen púpọ̀ wọlé lójijì, hydrogen tó já wọlé yẹn wá lọ bá iná kékeré tó ṣì ń jó lára funfun látìgbà pípẹ́, iná yẹn ràn sí i, ó wá di afẹ́fẹ́ líle tó ń tú jáde, ó ṣeé ṣe kó gba apá méjì jáde. Wọ́n ní wọn ò tíì rí irú ẹ̀ rí lára irú ìràwọ̀ báyìí.

Weda_Ereja
2,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ìyẹn lára ilà?

PG_Ife
Ẹ rántí ọkọ̀ tó ń fun fèrè bọ̀ lójú títì, bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín fèrè ẹ̀ ga, bó bá ti kọjá ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilà ẹ̀ sún díẹ̀ sápá búlúù, tó bá ń lọ ó sún sápá pupa. Tí gáàsì bá ń tú sí gbogbo ọ̀nà, ilà kan ṣoṣo á fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wọn fífẹ̀ yẹn, ẹ ti mọ eré ẹ̀. Láti Iléṣà sí Ifẹ̀ tó nǹkan bí 30 kìlómítà yìí, gáàsì yẹn á lọ á bọ̀ ju ọgbọ̀n ìgbà lọ kí ẹ tó pe ení.

Iya_Ibeji_Moore
Èédú ni wọ́n kọ́kọ́ rí, epo wá ta sí i lẹ́yìn nígbà náà. Ṣé bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn?

PG_Ife
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mà. Àbá wọn nìyẹn láìyọ ẹyọ kan.

Omo_Obokun
Àwọn ti 2019 ṣàṣìṣe nìyẹn o.

Tisa_Ilesa
Mi ò gbà. Kì í ṣe pé mò ń gbèjà wọn láìnídìí. Àwọn ti 2019 wo ohun tó wà níwájú wọn lásìkò yẹn, wọ́n sọ pé ó jọ dwarf nova jù, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn pé kódà bó bá padà jẹ́ nǹkan mìíràn, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe á wúlò. Bí wọn ò bá gbé infrared sí i nígbà tó ń tàn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè padà lọ sí 2019 lọ mú un. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kọjá ti kọjá. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún púpọ̀ nílé ìwé tí kò ní gíláàsì kan ṣoṣo tí mo lè fi pín ìmọ́lẹ̀ hàn wọ́n, mo mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Tí wọ́n bá fi mímọ́lẹ̀ nìkan kọ ọ́ sílẹ̀ pé "nova ló tún ṣe", wọ́n á ti ìwé yẹn pa, àwọn Aydi ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ ní bíbi.

Omo_Obokun
Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Mo gba ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn padà.

Molade_Lagere
Ṣé a lè rí i láti ibí báyìí sà?

Tisa_Ilesa
Fojú lásán, rárá, kódà ìgbà tó tàn yẹn ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n mo lè fi ilé ẹ̀ hàn yín, oṣù karùn-ún yìí gan-an lásìkò ẹ̀. Láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá alẹ́, ẹ kọjú sí gúúsù pátápátá. Ẹ na apá yín gbọọrọ, ẹ di ìkúùkù, ẹ gbé e lé ìparí ilẹ̀, ẹ gbé ìkúùkù kejì lé e lórí, ibi tó ga tó yẹn ni. Lápá òsì ẹ máa rí ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ gan-an tó tẹ̀lé ara wọn. Lápá ọ̀tún, ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe bí àgbélébùú. Àárín méjèèjì yẹn ló ń gbé.

Weda_Ereja
Òjò ti tún ń ṣú lápá Ereja níbí. Mo máa gbìyànjú ẹ̀ lọ́la tí mo bá pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Iya_Ibeji_Moore
Mo ti jáde. Òrùlé ilé kejì bo ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n mo rí méjì tẹ́ ẹ wí yẹn lápá òsì, ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Àwọn ìbejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ti di ìkúùkù méjì sókè. Àgbélébùú yẹn ni mi ò tíì rí, ìkùukùu wà lápá ibẹ̀.

Tisa_Ilesa
Ẹ dúró díẹ̀ sí i mà. Níbi tí mo jókòó sí, ìkùukùu yẹn ń sún lọ sápá ọ̀tún, mẹ́ta ti yọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Iya_Ibeji_Moore
Ó yọ. Táíwò ló kọ́kọ́ rí i.